Okùn Pupa Tí Mo So Mọ́ Ẹsẹ̀ Àga

Kí ẹlòmíràn tó bu iyọ̀ sí i kó tó gbé e fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú àṣírí ara mi. Èmi àbúrò bàbá yín yìí, tí wọ́n bí sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tó mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ ABD kà, èmi ni mo já bọ́ sínú omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí ọkọ̀ tí mò ń wà fi mí sílẹ̀, tó ń bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú èrò méjìdínlógún nínú.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Mo ti rẹ́rìn-ín tèmi tán.

Ohun tó mú mi ṣubú kò tó nǹkan. Awakọ̀ kan ló gba iwájú mi kọjá, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Èbúté Ìkòròdú. Omi tó ta sókè bá mi lójú, mo sì dìde pátápátá láti bú u. Ìgbì gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sókè. Nígbà tí mo máa fi dé ìdajì èébú náà, omi ló kún ẹnu mi.

Ohun tó yẹ kó dá ọkọ̀ náà dúró kò jìnnà. Okùn pupa kan ni. Etí rẹ̀ kan ń wọ ara ẹ́ńjìnnì, etí kejì ni awakọ̀ ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣubú, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á sì kú lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ilé iṣẹ́ wa fi kó wa jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì kan láti kọ́ wa ní èyí àti àwọn nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí, mo dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí, mo sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, etí okùn kejì kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ àga ni mo so ó mọ́. Àga ò sì ṣubú.

Ìyá Rájí ló gba gbogbo wọn là. Ẹlẹ́ja ni, ó máa ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Èkó nínú ọkọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fi okùn náà dá àwọn èrò lára yá: "Wọ́n ní tí n bá fa nǹkan yìí, ẹ́ńjìnnì á kú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló rán ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lọ sí ọ̀run?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó lọ. Àṣé ẹ̀fẹ̀ mi ni ìyá yẹn fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí àwọn yòókù ń ké "Jésù!" àti "Láìláhà!", ó fò lé àga mi, ó di okùn mú, ó fà á. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Mo wẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀kadà. Ìyá Rájí bẹ̀rẹ̀ wò mí láti òkè.

"Awakọ̀, ṣé ẹ ti sọ̀kalẹ̀ ni? A ò mà tíì dé o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, fóònù lẹ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ nísinsìnyí. Fóònù ni yóò bi yín ní ìbéèrè, fóònù náà ni yóò fún yín ní máàkì, ẹ ó sì padà sídìí iṣẹ́ bí ẹ ṣe kúrò níbẹ̀. N kò bú yín. Ẹni tó já sómi kì í bú ẹni tí òjò pa. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ láyé ijọ́hun, nígbà tí ọjà Èjìnrìn ń fa ọkọ̀ bí ṣúgà ṣe ń fa eèrà.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ ọjà, etí lẹ ó kọ́kọ́ fi rí ọjà náà. Ìró àjẹ̀ nínú omi, ṣàà, ṣàà. Ìró ọ̀pá tí wọ́n ń gún mọ́ ilẹ̀ níbi tí omi kò ti jìn. Ohùn àwọn obìnrin tí ń kí ara wọn láti inú ọkọ̀ dé inú ọkọ̀ nígbà tí ìkùukùu kò tíì jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn: "Ẹ kú ọjà o!" "Ọjà á tà o!" Lẹ́yìn náà ni òórùn á dé: òórùn gàrí, òórùn ẹja tí èéfín gbẹ, òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi dí ihò ọkọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí, ẹ ó rí omi, ẹ ó rí ìwọ̀nba ọkọ̀, ṣùgbọ́n títì ti gba èrò lọ́wọ́ ọ̀sà. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn. Odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.

Bàbá Sàlíù ni ọ̀gá tó kọ́ mi lọ́kọ̀. Kò ní pátákó ìkọ̀wé, kò ní ìwé. Ohun tó bá fi hàn ọ́ nígbà tí ẹ ń lọ sí Èjìnrìn láàárọ̀, ìwọ lo máa ṣe é nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. "Ẹ̀kọ́ tó bá sùn mọ́jú, kíkan ló ń kan," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Tó bá wá tó àsìkò àtibọ̀, á gbé àjẹ̀ fún ọ nídìí ọkọ̀, òun á lọ jókòó síwájú, á kọ ẹ̀yìn sí ọ. Kò ní bojú wẹ̀yìn títí ọkọ̀ ó fi gúnlẹ̀. Ó ní bí ọmọṣẹ́ bá ń rí ojú ọ̀gá, ojú ọ̀gá ni yóò máa wò, kò ní wo omi. Bí o bá ṣì í, ẹ̀yìn rẹ̀ á le gbandi. Bí o bá ṣe é ire, wàá rí i tí èjìká rẹ̀ méjèèjì á rọ̀ wọ̀ọ̀. Bí nǹkan kò bá sì yé ọ, àfi kí o la ẹnu, torí kò sí ojú níbẹ̀ tí wàá ti ka ìdáhùn. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá yẹn mọ ẹ̀yìn rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Títí dòní, bí mo bá lá àlá rẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí mi.

Lọ́jọ́ ọdún kan tí ìlú ń fi ọkọ̀ díje, ó gbé ìdí ọkọ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn. Ìlù ń dún, àwọn ọmọge ń wò, èmi náà ń wo àwọn ọmọge. Mo fi imú ọkọ̀ wa gún ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ àwọn àgbà. Odindi ìkòkò ìrẹsì kan ló yí dànù. Àwọn ẹja Ẹ̀pẹ́ ṣọdún lọ́jọ́ yẹn. Mo retí ìfọ́tí. Bàbá Sàlíù kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní, "Dá ọkọ̀ padà sí ibi tí o ti ṣì í, kí o tún un ṣe." Mo dá a padà. Mo tún un ṣe. Gbogbo ìlú ń hó lé mi lórí, àmọ́ èjìká bàbá rọ̀.

Ibo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ìjọ́ tí mo já sómi.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Alájì tó ni àwọn ọkọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dá ọkọ̀ dúró nítorí yín," ló ń wí. "Ẹ wọ òtẹ́ẹ̀lì ní òpè, ẹ jáde ní òpè tó ní ìwé ẹ̀rí! Ẹ̀yin Bàbá yìí, ẹ kúrò lórí omi. Ẹnu géètì lẹ ó wà, ẹ ó máa já tíkẹ́ẹ̀tì."

Ẹ gbà mí. Èmi, kí n máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò tí wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn máa wà? Ẹja tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà odò ni mo fẹ́ dà yẹn. Èmi tí mo lè bú awakọ̀ láti òkèèrè, mo dúró níbẹ̀ mò ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ilẹ̀.

Ṣadé ló sọ̀rọ̀. Òun ló ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwa òṣìṣẹ́; obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún ni, òun ló sì ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Alájì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe pé wọn ò kọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ta ló ti bi wọ́n bóyá wọ́n ń lò ó? Èmi ò bi wọ́n. Ẹ̀yin náà ò bi wọ́n sà."

Alájì wò ó. Èmi náà wò ó, mo ní nínú ara mi pé àwa méjèèjì la jọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì.

"Kí lo wá fẹ́?"

"Oṣù kan sà."

"Mo gbọ́. Láàárín oṣù kan, èmi fúnra mi ni n ó dán an wò lórí omi, n kò sì ní sọ ọjọ́. Tó bá kùnà, ẹnu géètì ni. Ìwọ náà, má tún dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ mọ́ nílé iṣẹ́ yìí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe so iṣẹ́ tèmi àti ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ yẹn pọ̀ mọ́ okùn kan ṣoṣo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣadé ti wà ní èbúté kí n tó dé. Bàtà rọ́bà ló wọ̀, ó ti ká ṣòkòtò sókè. Ó kí mi tán, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Kí ló dé tí ẹ fi so ó mọ́ àga?"

Ẹ gbọ́ o, láti ìgbà tí mo ti já sómi, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló ti bi mí pé ṣé orí mi pé. Kò sí ẹnìkan tó bi mí ní ìbéèrè yìí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ purọ́. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Okùn náà kúrú."

"Ó kúrú báwo?"

"Mo máa ń dìde wakọ̀ ni. Oòrùn àárọ̀ máa ń ta sí omi, bí mo bá jókòó, n kò ní rí igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, n kò sì ní rí koríko tó máa ń wé mọ́ ẹ́ńjìnnì. Okùn náà, ẹni tó jókòó ló tó. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ìjókòó ni gbogbo wa wà."

Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó dúró níbi tí mo máa ń dúró sí, ó na okùn náà, kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀bi yín wà níbẹ̀ o, Bàbá. Àmọ́ tèmi náà wà níbẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, okùn tó gùn ti dé fún gbogbo ọkọ̀, Ṣadé sì fi òrùka kan so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn. Bí o bá fẹ́ mú kọ́kọ́rọ́, okùn ti wà lọ́wọ́ rẹ.

Nígbà tó di pé a jọ ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ó bi mí bí àwọn àgbà ṣe kọ́ mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Sàlíù fún un, títí kan ẹ̀yìn tó ń kọ síni. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ohun tí a sọ nù gan-an nìyẹn. A kọ́ yín tán, a wá sá lọ. Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀."

Ètò tó ṣe kò le. Nǹkan kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan nínú gbogbo ohun tí a kọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, okùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, kíka èrò àti wíwọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà fún wọn kí ẹ́ńjìnnì tó dún. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bí a ṣe ń yọ ẹni tó bá já sómi. Awakọ̀ kan á máa wà á, awakọ̀ kejì á jókòó síwájú, á kọ ẹ̀yìn sí i. Tí iṣẹ́ bá parí, oníkálukú á sọ ohun kan tó lò lọ́jọ́ náà, àti ohun kan tó kọ̀ tí kò ṣe é lò. Alájì pàápàá ń wá gbọ́ ọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dúró bí ọlọ́pàá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Ta ni wọ́n wá so mọ́ mi? Múfú! Ọmọ Ìkirè ni, yàrá kan ló gbà ní Benson, ní Ìkòròdú níbí, omi tó tóbi jù tó rí kó tó dé Ìkòròdú ni omi ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn èrò máa ń bi mí pé ṣé omi kì í bà mí lẹ́rù. Omi kọ́! Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí Múfú rí i pé ohun kan wà tí n kò mọ̀. Ẹ̀rù ọkùnrin àgbàlagbà nìyẹn, ó máa ń wọ agbádá kí wọ́n lè pè é ní iyì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ń yún mi o," ni Múfú máa ń wí láti iwájú. "Ó dà bí ẹni pé okùn kò sí lọ́wọ́ yín."

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ṣáà wo iwájú, ará òkè."

"Mò ń wò ó. Àga ńkọ́, ṣé ó wà lálàáfíà?"

Mo fara dà á. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ṣadé ti kó àgbọn sínú àpò, ó wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà fún un, ó ní kí á máa jù ú sómi kí á máa yọ ọ́. Wọ́n ju àpò. Mo yí ọkọ̀ padà. Níbẹ̀ ni ojú mi ṣú. Wọ́n ti sọ apá ibi tí ó yẹ kí a gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, mo tilẹ̀ ti dáhùn rẹ̀ nínú ìdánwò. Ó ti fò lọ. Mo wo ẹ̀yìn Múfú. 

"Múfú."

"Sà."

"Apá ibo ni wọ́n ní ká gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Mo retí ẹ̀rín tí wọn ó gbọ́ ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yìn náà kò mì.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ò rántí mọ́. Láti àná ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ bèèrè."

Ẹ wá wo ayé mi! Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń sá fún un, òun náà ń sá fún mi. A jọ rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ. A pe Ṣadé, ó gbé ìwé rẹ̀ wá: kọjú sí atẹ́gùn, jẹ́ kí ẹni náà wà ní apá tí ojú rẹ ti lè tó o, pa ẹ́ńjìnnì kí ọwọ́ tó kàn án. A ṣe é títí àgbọn fi bẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún tijú bèèrè nǹkan mọ́, àfi orúkọ àwọn ọmọ yín tuntun, torí ẹ̀yin lẹ máa ń bínú.

Alájì dé ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. A ń bọ̀ láti Èkó, èrò kò pọ̀, Ìyá Rájí wà láàárín wọn pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Alájì jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Ṣadé, ó fi fìlà bo iwájú orí bí ẹni tí a kò ní mọ̀. Mo ti rí àpò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Atẹ́gùn ọ̀sán ń fẹ́. Ṣàdédé ni nǹkan dún nínú omi, tí Alájì figbe ta: "Èèyàn já sómi o!"

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu ni pé ọwọ́ mi kò dúró de ẹ̀rù náà. Ẹnu mi ti ń sọ̀rọ̀: "Ẹ jókòó, gbogbo yín! Ìyá Rájí, ẹ na ọwọ́ sí i, ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀!" Mo dín eré kù, mo yí ọkọ̀, mo kọjú sí atẹ́gùn. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo na ọwọ́.

Ọwọ́ mi kò bá a. Ìgbì gbé àpò náà kọjá mi báyìí, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Mo gbọ́ tí Alájì tú èémí. Bó bá jẹ́ oṣù tó kọjá ni, ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú atẹ́gùn. Mo ní, "Mo pa ẹ́ńjìnnì yá jù. Ẹ má dìde, mò ń padà síbi tí mo ti ṣì í." Mo ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, mo tún yí, mo jẹ́ kí ọkọ̀ sún mọ́ ọn ju ti àkọ́kọ́ lọ kí n tó pa á. Ó rìn lọ jẹ́jẹ́. Mo gbá ẹ̀wù mú ní èjìká, mo fà á wọlé gbì, gbogbo omi ara rẹ̀ sì dà sí léèsì funfun Alájì.

Àwọn èrò hó yèè! Ọkùnrin kan ní "Alihamudulilai." Ìyá Rájí ń ti àwọn èèyàn sẹ́yìn. "Ọmọ ta ni? Ẹ yí ojú rẹ̀ ká rí i!" Ó tú ẹ̀wù, ó fa àpò ya. Ó wo àgbọn. Ó wo Alájì.

"Alájì! Ṣé nítorí àgbọn lẹ ṣe fẹ́ pa mí? Mi ò ní sọ̀kalẹ̀ láì mú méjì lọ sílé."

Ó mú mẹ́ta.

A gúnlẹ̀. Múfú àti àwọn awakọ̀ yòókù ti tò sí èbúté, wọ́n ti gbọ́ ariwo. Alájì sọ̀kalẹ̀, ó ń fún omi kúrò létí agbádá. Ó yíjú sí Ṣadé.

"Àwọn mẹ́rin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ńkọ́?"

Ṣadé ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá fọwọ́ sí i."

"Kí wọ́n lọ," ni Alájì wí. "Ṣùgbọ́n má ṣe fún wọn ní ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Bàbá yìí ni yóò fún wọn, lórí omi, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lò ó lójú rẹ̀."